Orin Fíìmù Ìjà Tí Wọ́n Pa Tì: Bí Ẹ Ṣe Máa Béèrè Kó Tún Jáde

Lọ́dún 1988 tí fíìmù Die Hard jáde, ẹni tó bá fẹ́ràn orin tí Michael Kamen kọ sínú rẹ̀, tó wá gba ṣọ́ọ̀bù àwo lọ, ọwọ́ òfo ló máa gbé bọ̀. Wọn ò ṣe àwo rẹ̀ rárá. Ó di 2002 kí ilé-iṣẹ́ Varèse Sarabande tó ṣe ẹ̀dà 3,000, ó sì di 2011 kí La-La Land Records tó gbé e jáde lórí CD méjì, ẹ̀dà 3,500, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ orin tí kò sí lórí ti àkọ́kọ́. Predator tí Alan Silvestri kọ orin rẹ̀ lọ́dún 1987 àti Commando tí James Horner kọ tirẹ̀ lọ́dún 1985, ọdún 2003 ni àwọn méjèèjì tó ní àwo. Fíìmù tí gbogbo ayé wò ni mo ń sọ yìí o.

Tó bá rí báyìí fún àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti fíìmù ìjà kékeré tó jẹ́ pé ẹ̀yin àti èèyàn díẹ̀ lẹ ṣì rántí rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jáde. Àmọ́ "ó wù mí" nìkan kò tó. Àwọn tó ń ṣe irú àwo báyìí ti gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe" títí ó fi sú wọn. Ohun tí wọn kì í sábà rí gbà ni lẹ́tà tó sọ orin tó sọnù gan-an, ọwọ́ ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà, ibi tí téèpù rẹ̀ lè wà, àti ìdí tí èèyàn á fi yọ owó nínú àpò rà á. Bí ẹ ṣe máa kó ìyẹn jọ ni mo fẹ́ tò síbí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó sọnù

Oríṣi orin méjì ló wà nínú fíìmù. Ọ̀kan ni orin àwọn olórin tó gbajúmọ̀, èyí tí rédíò ń gbé, tí wọ́n fi ń polówó fíìmù. Èkejì ni èyí tí wọ́n dìídì kọ sábẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan, tí ọ́kẹ́sírà ń lù nígbà tí ọlọ́pàá àti ọ̀daràn ń lé ara wọn kiri. Èkejì yìí là ń wá. Ẹ ṣọ́ra, torí ọ̀pọ̀ àwo ìgbà yẹn ló ní orúkọ fíìmù gàdàgbà lára tó jẹ́ pé orin rédíò ló kún inú rẹ̀, tí ti ọ́kẹ́sírà á wá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní ìparí.

Ẹ lọ sórí Discogs, ìkànnì tó ń to àwo àti gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ tẹ orúkọ fíìmù àti ti ẹni tó kọ orin rẹ̀. Ẹ má dúró lórí èyí tó kọ́kọ́ yọjú. Ẹ ṣí ojú ewé tó kó gbogbo ẹ̀dà pọ̀, kí ẹ wo ọdún, orílẹ̀-èdè, nọ́mbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí àti iye ìṣẹ́jú. LP Amẹ́ríkà lè ní orin mẹ́wàá, kí CD tí wọ́n tẹ̀ ní Jámánì tàbí Japan ní méjìlá. Bí ẹ bá rí "Unofficial Release" lára èyíkéyìí, ayédèrú ni, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pinnu ohun tó ṣe orin tiyín. Ó lè jẹ́ pé kò jáde rí. Ó lè jáde kó kúrú. Ó sì lè jáde dáadáa kó ti tán lọ́jà. Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni kí ohun tó wà lórí àwo má ṣe jẹ́ èyí tí a gbọ́ nínú fíìmù, torí pé wọ́n tún un lù lọ́tọ̀ fún àwo. Èyí tó ti tán lọ́jà ló rọrùn jù láti béèrè, nítorí ẹnì kan ti bọ́ sí àdéhùn rẹ̀ rí. Èyí tí kò jáde rí ló le jù, òun náà sì ni ilé-iṣẹ́ máa ń fi yangàn jù tí wọ́n bá rí i ṣe.

2. Ẹ jókòó ti fíìmù náà pẹ̀lú bírò

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ olùfẹ́ orin kì í ṣe nìyí, òun gan-an ló sì ń jẹ́ kí wọ́n fi ojú gidi wo lẹ́tà yín. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn (headphone) sétí, ẹ fa ìlà sójú ìwé: ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó dá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwòrán, ohun èlò tí ẹ gbọ́, àti bóyá ó wà lórí àwo. Irú ohun tí mo máa ń kọ rí báyìí: "Láti 41:10 dé 43:25. Wọ́n ń lé e gba inú ọjà. Ìlù ńlá, fèrè idẹ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dùùrù ń dún kíkankíkan lábẹ́. Kò sí lórí LP." Bí ìbọn bá bo orin mọ́lẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà, torí orin tí ìbọn bò nínú fíìmù ni etí máa ń hára gàgà láti gbọ́ ní kedere.

Ìdí mìíràn wà tí èyí fi ṣe pàtàkì. Kì í ṣe gbogbo orin tí ẹ gbọ́ nínú fíìmù ni ti ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gé fíìmù máa ń fi orin fíìmù mìíràn dí àyè sílẹ̀ kí orin tuntun tó dé, nígbà mìíràn olùdarí á fẹ́ràn èyí tó fi dí àyè náà débi pé á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Die Hard ṣe bẹ́ẹ̀. Nítòsí ìparí fíìmù náà, orin James Horner tó wá láti inú iṣẹ́ Aliens wà níbẹ̀, ti John Scott láti inú Man on Fire (1987) náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé pé "orin Kamen tó parí fíìmù yẹn ò sí lórí àwo yín" ti fi hàn pé òun ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ ka gbogbo orúkọ tó ń yí lọ níparí, pàápàá àwọn ìlà kéékèèké tó sọ pé orin báyìí wá láti ibi báyìí.

Commando, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà sídìí fídíò kásẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Yorùbá lè fi ẹnu lu ìlù irin inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlù àwọn ará Trinidad ni. "Actor" là ń pe Arnold, a mọ ìbọn tó gbé kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n ta ló béèrè lọ́wọ́ wa nígbà náà pé ta ló kọ orin?

3. Ta ló ni ín?

Ẹ̀tọ́ orin fíìmù kì í sábà wà lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan. Ẹnì kan ló ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ fíìmù ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹlòmíràn lè ni orin tí wọ́n kọ sórí ìwé. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe àwo náà sì lè ní àdéhùn tí kò tíì parí, tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ẹ yí páálí àwo náà padà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí àmì ℗ àti ©, pẹ̀lú ọdún àti orúkọ. Ẹni tó ní ohùn tó wà lórí àwo náà ni ℗ ń tọ́ka sí, © sì sábà máa ń jẹ́ ti àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú ℗ lẹ máa wá. Fún orin orí ìwé, ìkànnì ASCAP àti ti BMI, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin fún àwọn tó kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, ní ibi ìwádìí tó ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ orúkọ fíìmù, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o á jáde.

Ibi tó ti máa ń lọ́ pọ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù tó ti kú tàbí tí ẹlòmíràn ti rà. Carolco tó ṣe fíìmù Rambo àti Total Recall wó lọ́dún 1995. Orion tó ṣe RoboCop bọ́ sọ́wọ́ MGM lọ́dún 1997, Amazon sì ra MGM fúnra rẹ̀ lọ́dún 2022. Fox tó ni Die Hard, Predator àti Commando ti wà lábẹ́ Disney láti 2019. Nítorí náà, ẹ má kọ orúkọ tó wà lára fíìmù ọdún 1987 sínú lẹ́tà bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà níbi tó wà. Ẹ tọ ipa rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí ìkejì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹni tó ra fíìmù lè má ra ẹ̀tọ́ àwo, kó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ àwo tó ṣe é ní 1987 ló ṣì dì í mú.

4. Téèpù

Bí ìwé bá pé pérépéré tí téèpù ò sí, kò sí àwo.

Orin fíìmù ọdún 1980 sí 1989 wà lórí oríṣiríṣi nǹkan: téèpù fífẹ̀ olójú-ọ̀nà 24, fíìmù olóofà 35mm tó ní ojú-ọ̀nà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, téèpù sítẹ́ríò tí wọ́n ti pò pọ̀ fún àwo. Lẹ́yìn náà ni DAT, téèpù dígítà kékeré, dé. Nǹkan wọ̀nyí máa ń sọnù ní ilé-ìpamọ́ ńlá, kì í ṣe torí pé wọ́n jí i, bí kò ṣe torí pé àkọlé ara àpótí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí pé orúkọ tí fíìmù náà ń jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń yà á ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iná tó jó ní ọgbà Universal ní California ní June 1, 2008 run ọ̀pọ̀ téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti Universal Music. Àwọn téèpù kan láti ìgbà náà sì ní àìsàn tiwọn: gọ́ọ̀mù tó mú èròjà olóofà mọ́ ara téèpù máa ń fa ọ̀rinrin, á wá máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ní láti gbé irú rẹ̀ sínú ooru díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ fún ìgbà ráńpẹ́, kí wọ́n yára dà á kọ.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wọ ilé-ìpamọ́. Àmọ́ ẹ lè fún ẹni tó máa wọ ibẹ̀ ní atọ́nà. Ẹ kọ orúkọ sítúdíò tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀, àti orúkọ mìíràn tí fíìmù náà jẹ́ rí; gbogbo rẹ̀ sábà máa ń wà níparí fíìmù tàbí lẹ́yìn LP. Ẹ wò ó bóyá DVD, Laserdisc tàbí Blu-ray kan wà tó gbé orin nìkan sí ojú-ọ̀nà ohùn kan lọ́tọ̀, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Twilight Time, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ṣe Blu-ray fíìmù àtijọ́, fi irú rẹ̀ sórí ọ̀pọ̀ Blu-ray wọn. Bí ẹ bá rí i fún fíìmù tiyín, ẹ ti mú ẹ̀rí lọ́wọ́: ẹnì kan rí téèpù orin yẹn, kò pẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn, ó sì ṣeé gbọ́. Lójú tèmi, ìlà kan yẹn ju ojú ewé mẹ́wàá ìyìn lọ.

Ilé-ìkàwé náà lè ní ìdáhùn. Ìwé orin Jerry Goldsmith, ẹni tó kọ orin First Blood (1982), wà ní Margaret Herrick Library ní Beverly Hills, California. Ìwé orin kì í ṣe téèpù, àmọ́ ó ń sọ iye orin tí wọ́n kọ àti orúkọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́.

Bí téèpù bá ṣègbé pátápátá, ọ̀nà kan ṣì kù, ìyẹn kí wọ́n tún un lù. Orin tí Basil Poledouris kọ fún Conan the Barbarian (1982), Róòmù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Lọ́dún 2010, ọ́kẹ́sírà City of Prague Philharmonic tún gbogbo rẹ̀ lù fún àwo tuntun. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ àwo Intrada gbé ojúlówó ti Róòmù jáde lórí CD mẹ́ta. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "téèpù yẹn ti sọnù", ẹ rọra bi í pé ta ló wá a, ibo ló sì wá a dé.

5. Ẹ mọ bí owó ṣe ń lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bínú pé kí ló dé tí àwo àtijọ́ fi jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré nígbà tí orin inú fíìmù lé ní wákàtí kan. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ AFM, ẹgbẹ́ àwọn olórin Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá lu orin fún fíìmù, tí ẹnì kan wá fẹ́ fi í sórí àwo, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó fún àwọn tó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ọ́kẹ́sírà ẹlẹ́ni ọgọ́rin, ẹ ṣírò rẹ̀. Bí àwo ṣe ń gùn sí i ni owó ń ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e kúrú. Orin tí wọ́n lù ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ru ẹrù yẹn. Nígbà tó yá, àdéhùn tuntun dín owó náà kù fún àwo tí ẹ̀dà rẹ̀ mọ níwọ̀n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwo tí à ń rí lónìí ti wá: ẹ̀dà 1,000, 2,000, 3,000, kó tán.

Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé èèyàn tó máa ra àwo ni kí ẹ kà, kì í ṣe ẹni tó máa tẹ "like". Èmi ò gba ti ìwé ẹ̀bẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kí ẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni ìbuwọ́lù, kò sì sẹ́ni tí kò lè fọwọ́ sí i. Ogójì èèyàn tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ra irú àwo bẹ́ẹ̀ rí lágbára jù ú lọ.

6. Ilé-iṣẹ́ wo lẹ máa kọ̀wé sí?

Ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ ara wọn. Ẹ wo ẹni tó ti bá ilé-iṣẹ́ tó ni fíìmù yín da nǹkan pọ̀ rí, tàbí tó ti ṣe àwo ẹni tó kọ orin náà. Intrada, tí Douglass Fake dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1985, fíìmù ìjà ló fi bẹ̀rẹ̀: Red Dawn ti Poledouris ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. La-La Land wà ní Burbank, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Varèse Sarabande ní àkójọ àwo àtijọ́ tirẹ̀, nítorí náà bí àwo kúkúrú náà bá jẹ́ tiwọn, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Fún fíìmù ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ wo Quartet Records ní Spain, Music Box Records ní Faransé àti Silva Screen ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má kọ̀wé sí Film Score Monthly, ìwé ìròyìn orin fíìmù tó ní ẹ̀ka àwo nígbà kan, mọ́. Àwo 250 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó ti ẹ̀ka náà pa.

7. Lẹ́tà náà

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, kó má sì gùn. Bí tèmi ṣe máa ń lọ nìyí, tí a bá tú u sí Yorùbá:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Nítorí orin tí Lágbájá kọ fún fíìmù Báyìí (1989) ni mo ṣe ń kọ̀wé. LP tó jáde nígbà náà jẹ́ ìṣẹ́jú 31. Orin tí mo kà nínú fíìmù jẹ́ ìṣẹ́jú 58. Sítúdíò Báyìí ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Blu-ray rẹ̀ ní orin náà lọ́tọ̀, ó sì mọ́. Ilé-iṣẹ́ Báyìí ló ni fíìmù náà báyìí, ẹ sì ti bá wọn ṣe àwo méjì rí. Mo ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo orin rẹ̀, ó wà nísàlẹ̀. Màá ra ẹyọ kan, mo sì mọ àwọn mìíràn tó máa rà á."

Ó parí. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ayédèrú tí ẹ ní nílé. Ẹ má sọ fún wọn pé àwo tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá kò dáa tó èyí tí ẹ̀ ń béèrè. Ẹ má sì dárúkọ fíìmù mẹ́jọ. Ẹyọ kan ni.

Ẹbí ẹni tó kọ orin náà ńkọ́? Bí ẹni náà bá ti kú, bíi Kamen (2003), Goldsmith (2004), Poledouris (2006) àti Horner (2015), ó lè jẹ́ pé ọmọ tàbí ìyàwó ní kásẹ́ẹ̀tì nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ àwo ni kó bá wọn sọ̀rọ̀. Kí àjèjì máa wá ilé opó kiri nítorí téèpù, ìwà àìmọ̀kan ni.

8. Ìdákẹ́jẹ́, àti ọjọ́ tó bá jáde

Ẹ lè má rí èsì. Kì í ṣe àrífín. Bí àdéhùn bá ń lọ lábẹ́lẹ̀, wọn kì í sọ ọ́ síta títí dìgbà tí àwo bá wà nílẹ̀, ẹni tó bá sì ń béèrè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á kàn sú wọn ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún kan. Bí ìròyìn tuntun bá dé, irú bíi pé ẹlòmíràn ra fíìmù náà, tàbí fíìmù náà fẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ tún kọ ọ́, kí ẹ fi ìròyìn náà ṣíwájú.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ láti máa gba ímeèlì ilé-iṣẹ́ náà, torí ọjọ́ tí wọ́n bá kéde rẹ̀, eré sísá ni. Nígbà tí Intrada ṣe ẹ̀dà 3,000 ti Predator lọ́dún 2010, kíá ló tán, àwọn tó rà á láti fi ṣòwò sì ń pe iye mìíràn lórí rẹ̀. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní láti múra ṣáájú: ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì yín lè sanwó nílẹ̀ òkèèrè, ẹ wo iye owó ìfiránṣẹ́ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, torí ó lè ju owó àwo lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, àdírẹ́sì wọn ni kí ẹ lò, kí ẹni tó ń bọ̀ wálé bá yín mú un bọ̀. Bí ọwọ́ yín kò bá bá a, ẹ má sáré lọ sanwó ìlọ́po márùn-ún fún ọlọ́jà. Die Hard àti Commando tí ẹ̀dà wọn ti 2002 àti 2003 tán lọ́jà, àwọn méjèèjì ló tún jáde ní 2011, wọ́n sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwo bá dé ọwọ́, ẹ ka ìwé pẹlẹbẹ inú rẹ̀ dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ irú téèpù tí wọ́n lò àti ibi tí wọ́n ti rí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àpótí náà wà nínú àkójọ ilé-iṣẹ́ báyìí, ẹ wo fíìmù ìjà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe láàárín ọdún yẹn tí kò tíì ní àwo. Lẹ́tà yín tó kàn nìyẹn.